Ìjà Àròpọ̀ àti Àyọkúrò Kì í Ṣe Tiwa

Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni a ti fi jiyàn lórí bọ́nà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń kọ ohùn àti àwòrán sórí àwo, tí a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ rà. Gbogbo wa ni a mọ ìdí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àti téèpù fídíò kún ilé wa: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà tí a kò lè lọ sin tí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé, ohùn ìyá àgbà tí ń ki ọmọ-ọmọ tí kò fojú kàn rí. Kò sí ẹni tó lòdì sí i pé kí a kó wọn kúrò lórí téèpù. Irú àwo tí a óò kó wọn sí ni ó di àríyànjiyàn. Apá kan ní DVD-R ni, apá kejì ní DVD+R. Àwọn kan ní èyí tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún un kọ ni ọgbọ́n. Ìgbìmọ̀ wá gbé àbá kalẹ̀ pé kí a ra bọ́nà tó rọ̀ jù lọ́jà, pẹ̀lú àwo ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tò sórí ọ̀pá kan, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Akáǹtáǹtì ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa béèrè ibi tí owó ń lọ àti ohun tí yóò kù lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tí owó bá ti lọ tán. Bí mo ṣe wo àbá ìgbìmọ̀ yìí, a fẹ́ máa fi gbogbo ọgbọ́n wa yan ẹ̀rọ, kí a sì wá ṣahun nígbà tó bá kan àwo. Ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, a óò ra òmíràn. Àwo ni ohùn ìyá wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àròpọ̀ àti àyọkúrò kúrò lọ́nà, nítorí ìjà tó ti parí ni. Àwọn àgbà ní ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọ ni. Orúkọ tí ìjà àwọn oníléeṣẹ́ sọ àwọn àwo wọ̀nyí ni àwa wá ń tìtorí rẹ̀ bínú síra wa. Philips àti Sony ló gbé ìlànà CD-R jáde ní 1988, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí DVD dé sí ọjà Japan ní 1996 ni nǹkan dàrú. Pioneer gbé DVD-R tirẹ̀ jáde ní 1997. Àwọn mìíràn ń ti DVD-RAM lẹ́yìn. Philips, Sony, Hewlett-Packard, Ricoh, Yamaha àti Mitsubishi Chemical ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n gbé DVD+RW kalẹ̀, DVD+R sì tẹ̀ lé e ní 2002. Àmì tó wà láàárín DVD àti R ti àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ ṣe àyọkúrò. Àmì ìsopọ̀ lásán ni. Ìgbà tí àwọn ẹnìkejì mú àmì àròpọ̀ wọn dé ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ìṣáájú sí àyọkúrò, ó sì wá dà bí ẹni pé ti ọ̀kan lé, ti èkejì dín. Ẹ wá gbọ́ ìṣirò rẹ̀ o: DVD-R ń gba báìtì 4,707,319,808, DVD+R ń gba 4,700,372,992. Àyọkúrò ló ju àròpọ̀ lọ! Ohun tó sì fi jù ú lọ kò tó orin ìṣẹ́jú kan.

Ní 2002 kan náà ni Sony, tó wà láàárín àwọn alároopọ̀, gbé bọ́nà tó ń kọ oríṣi méjèèjì jáde. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé bọ́nà tó ń kọ méjèèjì ló gba ọjà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láàárín Blu-ray àti HD DVD, títí Toshiba fi jọ̀wọ́ HD DVD ní oṣù kejì 2008. Àwọn iléeṣẹ́ kọ àdánù wọn sínú ìwé, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ. Ìdílé tó kó ohun ìrántí rẹ̀ sórí àwo tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò kà á mọ́ kò ní ìwé tí yóò kọ àdánù tirẹ̀ sí.

Ohun tó yẹ kí a máa bá ara wa fà ni ohun tó wà nínú àwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ aró. Àwo CD-R, àti DVD tí à ń fúnra wa kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aró ni ó wà nínú rẹ̀. N kò pa òwe. Aró gan-an ni, aró tí àwọn oníkẹ́míkà pò. Wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sára ike, wọ́n sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán bò ó lẹ́yìn. Bí bọ́nà bá ń ṣiṣẹ́, iná lésà ni ó fi ń jó aró náà ní tóótòòtó, ibi tó jó àti ibi tí kò jó ni ẹ̀rọ yóò fi mọ ohun tí a kọ. Àwo tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù tí orin ti wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Kò ní aró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni tẹ èdìdì ni. Ìdí nìyẹn tí àwo orin jùjú tí ẹ rà ní 1990 fi lè máa kọrin títí dòní, tí èyí tí ọmọ yín dà kọ ní 2004 yóò sì ti máa fò, tàbí kí ó ti dákẹ́.

Kò sí aláró tí yóò sọ fún yín pé aró kì í ṣá. Oòrùn ń pa á, ooru ń pa á, ọ̀rinrin ń pa á. Bí ẹ bá to àwo yín sí ojú fèrèsé, tàbí tí ẹ fi í sínú mọ́tò ní ìgbà ooru, ẹ ti ń sá a bí aṣọ nìyẹn. Aró dára ju aró lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ èyí tó wà nínú ọ̀pá ọlọ́gọ́rùn-ún yẹn? Orúkọ tó wà lára páálí kì í sábà jẹ́ ti ilé tó ṣe àwo. Oní-páálí lè rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan lóṣù yìí, kí ó rà á lọ́wọ́ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba pé bí àwọn tó ń tà á tilẹ̀ ń pè é ní ọdún 10, ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ojú ti rí lórí àwo CD àti DVD tí à ń fúnra wa kọ ni ọdún 2 sí 5. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí nǹkan má bàjẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 2006, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé téèpù ìsìnkú bàbá bàbá wa lọ sí ilé ìtajà kan ní ìlú tí à ń gbé. Wọ́n gba owó gọbọi, wọ́n kọ ọ́ sórí DVD kan ṣoṣo, wọ́n lẹ ìwé aláràbarà mọ́ ọn lójú. Wọn kò dá téèpù padà. Wọ́n ní kò wúlò mọ́, àwọn ti sọ ọ́ nù. Nígbà tí a fẹ́ fi han àwọn ọmọ ní 2015, ẹ̀rọ kò dá àwo náà mọ̀. A gbé e fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Nínú wákàtí méjì, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni a rí gbà padà. A rí àwọn onílù bí wọ́n ṣe ń wọ agbo, a rí àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń tò. Ibi tí àbúrò bàbá àgbà ti dìde láti ki orílẹ̀ wa ni ó ti dúró. Àbúrò bàbá àgbà náà ti kú báyìí, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ìdílé tó mọ oríkì náà délẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò iye tí a jèrè lórí àwo olówó pọ́ọ́kú yẹn.

Ìwé aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn náà kò dára. Lẹ́ẹ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣe àwo ní jàǹbá, ó sì lè mú kí ó wọ́ bó ṣe ń yí. Ti CD tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí abẹ́ ojú tí à ń kọ orúkọ sí gan-an ni aró àti irin rẹ̀ wà, kò sí ike tó nípọn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi bírò kọ orúkọ sí i ti lè gún un. Ti DVD wà ní àárín ike méjì, ó ní ààbò díẹ̀. Ti Blu-ray sún mọ́ ojú tí iná lésà ń gbà wọlé, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré ni ó wà sí ojú yẹn, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ohun líle bò ó. Máákà tí wọ́n ṣe fún àwo ni kí ẹ máa lò, ẹ sì kọ orúkọ sí agbede àárín.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní kí a ra DVD-RW tàbí DVD+RW, nítorí pé a lè pa á rẹ́, kí a tún lò ó, kí owó má ṣòfò. Ẹ dákun, ta ni nínú yín ni yóò gbà kí n fi pẹ́ńsùlù kọ ìwé owó ẹgbẹ́? Ohun tí a lè pa rẹ́ ni ẹnìkan yóò pa rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń wá àwo tí yóò fi kọ eré ìdárayá sí kò ní béèrè ohùn ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí iye téèpù ìgbéyàwó tí bọ́ọ̀lù ti gorí rẹ̀ nínú ilé wa. DVD-RAM ló lágbára jù nínú àwọn tí a ń pa rẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò lè kà á. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀.

Kí ni kí a rà, nígbà náà? Bọ́nà Blu-ray ni kí a rà, èyí tí wọ́n tẹ àmì M-DISC sí lára. Bọ́nà bẹ́ẹ̀ ń kọ CD, ó ń kọ DVD àròpọ̀ àti àyọkúrò, ó sì ń kọ Blu-ray, gbogbo oníjà lẹ́sẹ̀ kan náà. Owó rẹ̀ kò ju ti léèsì aṣọ ẹbí tí à ń rà fún ayẹyẹ ọjọ́ kan. N kò ní kí ẹ má ra léèsì o.

Ṣùgbọ́n àwo tí a óò máa fi sínú rẹ̀ ni mo ń bọ̀ wá sí. BD-R tó dára kò ní aró. Ohun tó jẹ mọ́ irin ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, bí àdàlù bàbà àti sílíkọ́nì, oòrùn kò sì lè ṣe é bó ṣe ń ṣe aró. Oríṣi kan wà tí wọ́n padà fi aró ṣe kí ó lè rọjú. LTH ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí lára páálí, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. M-DISC ni èyí tí wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ le bí òkúta. Ti DVD rẹ̀ ń fẹ́ bọ́nà tí iná lésà rẹ̀ lágbára, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a wo àmì, ṣùgbọ́n tí a bá ti kọ ọ́ tán, ẹ̀rọ DVD lásán lè kà á. Millenniata tó kọ́kọ́ ṣe é ní yóò pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹgbẹ̀rún ọdún! Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìlérí yẹn kógbá sílé ní 2016. N kò gba ìlérí ẹgbẹ̀rún ọdún gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ má gbà á gbọ́. Àádọ́ta ọdún péré ni mo ń wá, kí ohùn náà lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa. Àwo tí kò ní aró ni mo rí tó lè sún mọ́ ọn.

Ohun kejì ni àyè. Kásẹ́ẹ̀tì 90 kò wọ inú CD olórin, nítorí ìṣẹ́jú 80 ni CD ń gbà. Mo mọ ilé tí wọ́n ti gé ìwàásù àti oríkì sí méjì nítorí èyí. Bí a bá pa ohùn mọ́ bí CD ṣe ń pa á mọ́, láìfún un pọ̀, wákàtí kan yóò gba bíi mẹ́gábáìtì 635. BD-R onígígábáìtì 25 yóò gba bíi wákàtí 39, ìyẹn gbogbo kásẹ́ẹ̀tì inú àpótí ìyá yín pátá. Ti fídíò ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn tó ń dà á kọ máa ń fún wákàtí mẹ́fà sínú DVD kan, kí owó tó kù sápò wọn lè pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ènìyàn yóò di pákó-pákó. Bí a bá fi ìlànà DV gbà á sílẹ̀, wákàtí kan yóò gba bíi gígábáìtì 13, BD-R kan yóò sì gba nǹkan bí wákàtí méjì dín díẹ̀, ojú ènìyàn yóò ṣì jẹ́ ojú.

Fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Téèpù tó ti ilé wá jẹ́ PAL, ìlà 625, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni tibí, ìlà 525, nǹkan bí àwòrán 30. Ẹ ó rántí ọdún tí a ti téèpù bọ ẹ̀rọ tí a kò rí ju ìlà tó ń sáré lọ, tí ìyá wa nílé sì ń béèrè lórí tẹlifóònù bóyá a ti rí òun. Bí ẹ bá gbé irú téèpù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí yóò dà á kọ, yóò fẹ́ sọ ọ́ di NTSC. Ìlà tó bá dànù níbẹ̀ kò ní padà wá. Ẹ ní kí ó fi PAL sílẹ̀ ní PAL nínú ẹ̀dà tí a óò pa mọ́; bí ẹ bá fẹ́ ti NTSC láti máa wò, kí ó ṣe ìyẹn lọ́tọ̀. Ní ti ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan pé àwo tí a kọ níbí kò ní ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nítorí pé Amẹ́ríkà jẹ́ agbègbè 1, tí Nàìjíríà sì jẹ́ agbègbè 5, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó ń ta fíìmù ló ń fi ìdènà yẹn sínú àwo. Àwo tí a fọwọ́ ara wa kọ kò ní in.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sọ pé kí la tún ń fi àwo ṣe, pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní kí wọ́n má kó o síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni. À ń san owó ilé lóṣooṣù, ọjọ́ tí a kò bá san án mọ́, ẹrù wa kò ní àbò. Láti oṣù kejìlá 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́. Bàbá tó bá sùn, tó sì mú ọ̀rọ̀ tí ó fi ń wọlé lọ sí ọ̀run, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn náà? Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé ìdí ogún. Mo ti rí ìdílé tí kò rí ọ̀nà wọ inú ohun ìrántí bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bẹ̀. Àwo tó wà nínú àpótí kò béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Wọ́n tún lè sọ pé àwo ń kú lọ, òótọ́ sì ni. Taiyo Yuden ti Japan, tí àwọn tó mọ àwo fẹ́ràn jù, kúrò nínú iṣẹ́ náà ní 2015. Panasonic dáwọ́ ṣíṣe BD-R dúró ní 2023. Sony dáwọ́ tirẹ̀ dúró ní oṣù kejì 2025. Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé kí a tètè ṣe é. Ẹ̀rọ tí ń ka kásẹ́ẹ̀tì fídíò gan-an ni ó kọ́kọ́ kú, nítorí pé Funai tó kù nídìí rẹ̀ kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní 2016. Èyí tó wà nílé yín lónìí, bí ó bá bàjẹ́, ilé àwọn tó ń ta àlòkù ni a óò ti wá òmíràn. Téèpù náà kò sì dúró dè wá. Bí ìpàdé wa ṣe ń pọ̀ sí i ni téèpù ń hu.

Nítorí náà, àbá tèmi rèé, mo sì fẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ kí a dìbò lé e lórí. Kí ẹgbẹ́ ra bọ́nà Blu-ray méjì, kí a máa lo ọ̀kan, kí èkejì wà nínú páálí rẹ̀ láìtú. Kí a fi ìyókù owó ra M-DISC àti BD-R tí kì í ṣe LTH. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà méjì tí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe àwo wọn, kí ọ̀kan wà níbí, kí ọ̀kan wà nílé, ní agboolé, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta lè wà nínú háàdì dísíìkì. Kí a máa gbé àwo wọ̀nyí wò lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ téèpù nù. Ọ̀pá ọlọ́gọ́rùn-ún ti ìgbìmọ̀, ẹ rà á bí ó bá wù yín. Yóò wúlò láti fi ṣe ìrántí fún àwọn àlejò níbi ayẹyẹ.

Èmi yóò gbé bọ́nà tèmi wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó kó ti yín wá, ẹ jókòó ti àgbà tó wà nílé, kí ẹ jọ gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ orúkọ olóhùn kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé, orúkọ ìlú rẹ̀, àti ọdún tí a gbà á sílẹ̀.